Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí A Ṣe Lè Dín Gbohùngbohùn àti Ariwo Kù Nínú Ọ̀rọ̀ Tí A Gbà Sílẹ̀

Àwọn ìbéèrè yìí ni àwọn tí ń gba ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀ máa ń béèrè jù lọ, yálà wọ́n ń ka ìwé sórí ẹ̀rọ, wọ́n ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń wàásù, tàbí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ wá àwọn àgbà lẹ́nu wò kí ìmọ̀ wọn má bàa bá wọn lọ.

Ǹjẹ́ gbohùngbohùn àti ariwo kì í ṣe ohun kan náà?

Rárá. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ yóò kàn máa lo oògùn inú rírun fún ẹ̀fọ́rí ni. Ariwo ni gbogbo ìró tí kì í ṣe ti olùsọ̀rọ̀: fáànù tí ń yí, fíríìjì tí ń kùn, ọkọ̀ tí ń kọjá lóde, òjò tí ń rọ̀ sórí òrùlé. Ó ti wà níbẹ̀ kí olùsọ̀rọ̀ tó la ẹnu, yóò sì wà níbẹ̀ nígbà tí ó bá dákẹ́. Gbohùngbohùn ní tirẹ̀ jẹ́ ohùn olùsọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, tí ó jáde lẹ́nu rẹ̀, tí ó lọ lu ògiri, àjà tàbí ilẹ̀, tí ó sì padà wá bá máíkì lẹ́yìn tí ohùn àkọ́kọ́ ti dé. Nítorí pé ohùn kan náà ni wọ́n, ó ṣòro gan-an fún ẹ̀rọ láti mọ èyí tí ó jẹ́ ojúlówó àti èyí tí ó jẹ́ àdàkọ. Ìdí nìyí tí a fi lè dín ariwo kù dé ìwọ̀n kan lẹ́yìn tí a bá ti gba ohùn tán, tí ó sì jẹ́ pé ohun tí a ṣe ṣáájú kí a tó tẹ bọ́tìnì ni ó máa ń pinnu ọ̀rọ̀ gbohùngbohùn.

Kí ló dé tí n kò gbọ́ gbohùngbohùn náà nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ṣùgbọ́n tí ó kún inú ohun tí mo gbà sílẹ̀?

Etí méjì ni o ní, o sì ní ọpọlọ tí ń bá wọn ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìró kan bá dé, tí àdàkọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e kíákíá láti ara ògiri, ọpọlọ máa ń pa méjèèjì pọ̀, yóò sì gbà pé ibi tí ti àkọ́kọ́ ti wá ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Helmut Haas, ọmọ orílẹ̀-èdè Jámánì, ṣàlàyé ìṣesí yìí fún ọ̀rọ̀ ẹnu nínú iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní ọdún 1949. Máíkì kan ṣoṣo kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ohun gbogbo tí ó bá kàn án ni ó ń kọ sílẹ̀, nígbà tí o bá sì gbọ́ ọ padà láti inú sípíkà kan, ọpọlọ rẹ kò mọ ibi tí ògiri wà mọ́ tí yóò fi yọ ọ́ kúrò.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú afẹ́fẹ́ tí ìgbóná rẹ̀ jẹ́ 20°C. Bí ògiri bá wà ní mítà 2 sí ọ, àlọ àti àbọ̀ ohùn rẹ jẹ́ mítà 4, yóò sì gbà á ní nǹkan bí ìdá 12 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, èyí tí etí kò lè gbọ́ lọ́tọ̀. Bí ògiri bá wà ní mítà 10, ìdá 58 nínú ẹgbẹ̀rún ni, níbẹ̀ ni etí ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ohùn kejì. Nínú yàrá kékeré, nítorí náà, kì í ṣe pé a ó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún àdàkọ kéékèèké ni wọ́n pa pọ̀, tí ohùn fi ń dún bí ẹni pé inú kànga ni olùsọ̀rọ̀ wà.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bí yàrá mi bá dára fún gbígba ohùn sílẹ̀?

Pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ní àárín yàrá, kí o sì tẹ́tí sí ohun tí ó bá tẹ̀ lé e. Bí ó bá kú lójú ẹsẹ̀, yàrá náà dára. Bí ó bá fà nílẹ̀, tàbí tí ó ń dún bíi wáyà irin tí a ta, àwọn ògiri tí kò ní nǹkan kan lára ni wọ́n ń ju ìró síra wọn.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ìṣirò wọn ọ̀rọ̀ yìí ni Wallace Clement Sabine, olùkọ́ ìmọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Harvard. Ní ọdún 1895 ni wọ́n ní kí ó wá nǹkan ṣe sí gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ kan nínú ilé ọnà Fogg, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò ti lè gbọ́ olùkọ́ yé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo máa ń fà nínú gbọ̀ngàn náà ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ kí ó tó parẹ́, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kò tíì kú tí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn ti gorí rẹ̀. Lóru, nígbà tí ìta bá dákẹ́, Sabine àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ a máa ru tìmùtìmù ìjókòó láti gbọ̀ngàn eré kan tí kò jìnnà wá síbẹ̀, wọn a fun fèrè dùùrù, wọn a sì fi aago wọn bí ìró náà ṣe pẹ́ tó. Bí tìmùtìmù ṣe ń pọ̀ sí i ni ìró ń tètè kú sí i. Òfin tí ó rí níbẹ̀ ni a ṣì ń lò: mú ìwọ̀n inú yàrá ní mítà kúbíìkì (gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ tí a fi sọ ara wọn di púpọ̀), fi 0.161 sọ ọ́ di púpọ̀, kí o sì fi àpapọ̀ agbára àwọn nǹkan inú yàrá láti mu ìró pín in. Ohun tí o bá rí ni iye ìṣẹ́jú àáyá tí ìró fi ń lọ sílẹ̀ ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 60 (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni a fi ń wọn bí ìró ṣe ròkè tó).

Wo yàrá tí ó gùn ní mítà 4, tí ó fẹ̀ ní mítà 3, tí ó sì ga ní mítà 2.5. Ìwọ̀n inú rẹ̀ jẹ́ 30. Bí àpapọ̀ agbára àwọn nǹkan inú rẹ̀ láti mu ìró bá jẹ́ 5, ìró yóò fà tó ìṣẹ́jú àáyá 0.97, èyí tí ó ti pọ̀ jù fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí a bá gbé aṣọ tí ó nípọn, ibùsùn àti rọ́ọ̀gì sínú rẹ̀ títí tí agbára náà fi di 12, yóò wá sílẹ̀ sí 0.40. Ibẹ̀ tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ ni ó yẹ kí ẹni tí ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ wà.

Kí ni ohun tí ó ṣe pàtàkì jù tí mo lè ṣe láìná owó?

Gbé máíkì súnmọ́ ẹnu. Bí ó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni o máa mú kúrò nínú gbogbo ìdáhùn wọ̀nyí, èyí ni kí o mú.

Ohùn tí ó ń bọ̀ tààrà láti ẹnu máa ń rẹ̀ bí ó ti ń jìnnà: nígbàkígbà tí o bá sọ àlàfo ẹnu àti máíkì di ìlọ́po méjì, ohùn náà yóò fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 dínkù. Gbohùngbohùn kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí pé láti ara gbogbo ògiri ni ó ti ń wá, bákan náà ni agbára rẹ̀ ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ibi nínú yàrá. Ìyẹn ni pé bí o bá gbé máíkì láti 80 sẹ̀ǹtímítà wá sí 40, ohùn rẹ yóò fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 ta gbohùngbohùn yọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí o bá gbé e dé 20, yóò di 12. Fáànù tí ó wà lápá kejì yàrá náà yóò padà sẹ́yìn bákan náà, nítorí pé o ti lè dín agbára ìgbóhùn ẹ̀rọ rẹ kù, kí ohùn rẹ sì ṣì ròkè dáadáa. Èmi kò tíì rí áàpù kan tí ó lè fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 12 yọ gbohùngbohùn kúrò láìba ohùn jẹ́, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ tí a nà díẹ̀ ni ó ṣe é yìí.

Àlàfo tí ó dára fún ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Má ṣe kọ ẹnu sí ojú máíkì gan-an. Yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí èémí tí ń jáde pẹ̀lú «b» àti «p» má bàa lù ú. Mọ̀ pẹ̀lú pé ọ̀pọ̀ máíkì tí ń gbọ́ apá kan ju apá kejì lọ máa ń mú ohùn nípọn bí ẹnu bá súnmọ́ wọn jù. Bí ohùn bá ti ń dún bí ìlù, sún sẹ́yìn díẹ̀.

Irú máíkì wo ni kí n lò?

Èyí tí ń gbọ́ iwájú ju ẹ̀yìn lọ ni ó yẹ fún ẹni kan tí ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Kí o sì lo ẹ̀yìn rẹ̀ yẹn: kọ ọ́ sí fáànù, kọ̀ǹpútà tàbí fèrèsé tí ariwo ti ń wọlé, nítorí ibẹ̀ ni kò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ nǹkan kan. Máíkì kékeré tí a ń fi há àyà aṣọ náà dára púpọ̀ fún ẹni tí kò lè jókòó sójú kan, nítorí pé bí ó bá ti yí síhìn-ín sọ́hùn-ún ni máíkì ń bá a lọ, tí àlàfo kò sì yí padà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbọ́ pé máíkì kan wà tí í «yọ ariwo kúrò», tí wọ́n sì ń tọ́ka sí irú èyí tí àwọn olórin ń dì mú lórí pèpéle. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó mú kí irú máíkì bẹ́ẹ̀ má gbọ́ ariwo ni pé ẹni tí ń lò ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹnu kàn án. Gbé e jìnnà ní ìwọ̀n mítà kan, yóò gbọ́ yàrá bí èyíkéyìí mìíràn ti ń gbọ́ ọ.

Ṣé páálí ẹyin tàbí fóòmù tínrín tí a lẹ̀ mọ́ ògiri yóò ṣiṣẹ́?

Páálí ẹyin kò ṣe nǹkan kan tí ó ní láárí, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò lé e lórí. Fóòmù tínrín ń ṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ ni. Ìdí rẹ̀ wà nínú gígùn ìgbì ìró. Ìró 4,000 Hz (ìyẹn èyí tí ń gbọ̀n ní ìgbà 4,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), tí ó wà nínú «s» àti «ṣ», ní ìgbì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8.5, fóòmù tínrín sì lè mú un. Ìró 100 Hz, tí ó wà nísàlẹ̀ ohùn ọkùnrin, ní ìgbì tí ó gùn tó mítà 3.4, yóò sì gba inú fóòmù tínrín kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fi fóòmù tínrín bo gbogbo ògiri yóò rí i pé ohùn òkè ti kú pátápátá, ṣùgbọ́n tí ìsàlẹ̀ ṣì ń hu láti igun yàrá, tí ọ̀rọ̀ sì wá ṣókùnkùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ohun tí ó nípọn tí ó sì rọ̀ ni a ń wá: ibùsùn tí a gbé dúró ti ògiri, búláńkẹ́ẹ̀tì onírun tí ó wúwo, kọ́tìnì tí a ká pọ̀, rọ́ọ̀gì, àga onítìmùtìmù, àpótí aṣọ tí ó kún tí a ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí o bá lè fi àlàfo díẹ̀ sáàárín búláńkẹ́ẹ̀tì àti ògiri, yóò mú ìró tí ó rinlẹ̀ ju bí a bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ra lọ. Bí o bá ní ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ̀yìn olùsọ̀rọ̀ ni kí o fi sí, kì í ṣe ẹ̀yìn máíkì, nítorí pé ibi tí máíkì kọjú sí ni ìró ògiri ti ń wọlé sí i tààrà.

Kí a má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ dídínà ariwo ìta. Aṣọ àti fóòmù ń mu ìró tí ó wà nínú yàrá. Wọn kò lè dá ọkọ̀ tàbí ohùn aládùúgbò dúró. Ohun tí ó wúwo àti ohun tí kò ní àlàfo ni ó ń ṣe ìyẹn. Nítorí náà, di abẹ́ ilẹ̀kùn àti etí fèrèsé kí o tó ronú lórí ohunkóhun mìíràn.

Kí ni kí n ṣe sí fáànù, fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù?

Pa wọ́n. Mo ti fi ọ̀rọ̀ wá àgbà kan lẹ́nu wò fún ohun tí ó lé ní wákàtí kan láìfi hẹ́ẹ̀dìfóònù sí etí, n kò sì mọ̀ pé fíríìjì inú yàrá kejì ń kùn títí mo fi délé. Ó ṣì ń dùn mí, nítorí pé ibi tí àgbà náà ti rẹ ohùn sílẹ̀ láti sọ ohun tí ó ṣe kókó jù ni fíríìjì náà ti borí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, hẹ́ẹ̀dìfóònù kì í kúrò létí mi. Bí o bá pa fíríìjì, fi kọ́kọ́rọ́ ilé tàbí ti ọkọ̀ rẹ sínú rẹ̀ kí o má bàa jáde láìtàn án padà.

Bí o bá gbọ́ kíkùn tí kò dúró nígbà tí ohun gbogbo ti kú, wáyà iná ni kí o fura sí. Iná mànàmáná máa ń kùn ní 50 Hz tàbí 60 Hz gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè bá ṣe ń lò ó. Mú wáyà máíkì jìnnà sí wáyà iná, tàbí kí o fi bátìrì ṣiṣẹ́.

Báwo ni kí ohùn ti ròkè tó lórí ẹ̀rọ?

Jẹ́ kí ibi tí ohùn ti ga jù máa kan nǹkan bíi −12 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì. Ohùn tí ó bá kọjá odo, tí í ṣe òpin òkè tí ẹ̀rọ lè gbà, yóò gé lórí, ohun tí ó gé náà kò sì ṣe é dá padà bó ṣe wà. Gbà á sílẹ̀ ní 48 kHz àti bíìtì 24, ní fáìlì WAV, tí kì í sábà fún ohùn pọ̀.

Ṣé áàpù lè yọ ariwo kúrò lẹ́yìn ìgbà tí mo ti gba ohùn tán?

Bẹ́ẹ̀ ni, pàápàá ariwo tí kì í yí padà bíi ti fáànù. Ọ̀nà tí ó lókìkí jù ni èyí tí Steven Boll gbé jáde ní ọdún 1979: ẹ̀rọ yóò kọ́ bí ariwo ṣe rí ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀, yóò sì yọ ìwọ̀n náà kúrò nínú gbogbo ohun tí ó kù. Irinṣẹ́ ìdínariwokù inú Audacity, áàpù àtúnṣe ohùn tí í ṣe ọ̀fẹ́, ń béèrè irú àpẹẹrẹ ariwo bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí o máa gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kí olùsọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Yóò tún wúlò fún ọ láti fi dí àlàfo níbi tí o bá ti gé ọ̀rọ̀ kúrò.

Má ṣe fi agbára púpọ̀ lò ó. Bí o bá yọ ariwo jù, àjẹkù rẹ̀ yóò máa dún wínníwínní bí agogo kéékèèké lábẹ́ ọ̀rọ̀, etí sì máa ń kórìíra ìyẹn ju fáànù tí ń kùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lọ. Ìdínkù dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 sí 10 máa ń tó. Tún ṣọ́ra fún «s», «ṣ» àti «f»: èémí tí ń fẹ́ ni wọ́n, nítorí náà wọ́n jọ ariwo lójú ẹ̀rọ, àwọn ni ó sì máa ń kọ́kọ́ jẹ nínú ọ̀rọ̀.

Gbohùngbohùn ńkọ́? Ṣé òun náà ṣe é yọ?

A lè dín in kù. Àwọn olùwádìí ilé-iṣẹ́ NTT ní orílẹ̀-èdè Japan gbé ọ̀nà kan tí a ń pè ní WPE jáde ní ọdún 2010, tí ó ń fi ohun tí ó ti kọjá nínú ohùn ṣírò ìrù gbohùngbohùn tí yóò tẹ̀ lé e, tí ó sì ń yọ ọ́ kúrò. Àwọn áàpù òde òní ń lo ọgbọ́n àtọwọ́dá: a ti fi àìmọye ohùn mímọ́ àti ohùn tí a mọ̀ọ́mọ̀ bàjẹ́ kọ́ wọn, wọ́n sì ń gbìyànjú láti dá ohùn mímọ́ padà. Iṣẹ́ wọn yani lẹ́nu nígbà mìíràn.

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tí mo ní fún wọn ni pé òmíràn nínú wọn kì í kàn yọ nǹkan, ó ń dá ohùn tuntun ṣe níbi tí èyí tí ó wà nílẹ̀ kò bá ti mọ́lẹ̀. Fún èdè olóhùn bíi Yorùbá, ewu ni. Ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ kò yàtọ̀ síra ju òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn lọ. Gbohùngbohùn ti kọ́kọ́ fi ìrù sílébù kan bo ìbẹ̀rẹ̀ èyí tí ó tẹ̀ lé e. Bí ẹ̀rọ tí a fi èdè mìíràn kọ́ bá wá fi àfòyemọ̀ dí àlàfo náà, ó lè gbé ohùn tí ó mọ́ tónítóní jáde tí ó sì ti di ọ̀rọ̀ mìíràn. Máa fi etí ara rẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, kí o sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí o gbà ní tòótọ́.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe nínú títún ohùn ṣe?

Kọ́kọ́ fi asẹ́ ìró gé ohun tí ó wà nísàlẹ̀ 80 Hz kúrò, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀, ariwo ọkọ̀ àti ìró tábìlì tí a gbá ni ó pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà ni kí o dín ariwo kù, kí o tó lo irinṣẹ́ tí ń mú ohùn kéékèèké àti ohùn ńlá súnmọ́ra. Bí o bá yí i padà, irinṣẹ́ yẹn yóò gbé ariwo àti ìrù gbohùngbohùn sókè pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀, iṣẹ́ rẹ yóò sì di ìlọ́po méjì.

Fóònù nìkan ni mo ní. Ṣé kí n dúró di ìgbà tí mo bá ra máíkì?

Má dúró. Gbé fóònù sórí aṣọ tí a ká, ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí ẹnu olùsọ̀rọ̀, kí o pa ìpè àti ìkìlọ̀ rẹ̀, kí o má sì ṣe dì í mú, nítorí pé ìka tí ń yọ̀ lára fóònù ń pariwo ju bí o ṣe rò lọ. Bí áàpù náà bá ní ààyè láti tọ́jú fáìlì láìfún un pọ̀, yan ìyẹn.

Mo ti gba ohùn ẹnì kan tí kò sí láyé mọ́, ó sì kún fún gbohùngbohùn. Kí ni kí n ṣe?

Ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí o má sì ṣe tún èyí tí o kọ́kọ́ gbà ṣe láé. Orí ẹ̀dà ni kí o ti ṣiṣẹ́, díẹ̀díẹ̀, kí o sì kọ ohun tí o ṣe sí i sílẹ̀. Bí a bá lè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yé, fi gbohùngbohùn tí ó kù sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn irinṣẹ́ ń dára sí i lọ́dọọdún, fáìlì tí a kò fọwọ́ kàn sì ni ẹni tí yóò lo irinṣẹ́ tí ń bọ̀ yóò nílò.